Àwọn Mọ́tò Tí Ìwé Wọn Sọnù, àti Bàbá Tíṣà ní Ìlọra

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láfún wọlé tán ni. Láti àárọ̀ ni mo ti sá a sórí àpáta lẹ́yìn ilé wa ní Fìdítì. Nígbà tí mo rí i pé òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Ọ̀yọ́, mo fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ, mo dà á sínú àpò, mo ti fèrèsé, mo wá jókòó. Funfun rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ti ń kọ èyí.

Lánàá ni ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ girama, bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí òun náà ń ro iṣẹ́ tí òun yóò kọ́. Mo ní mo ń bá àwọn èèyàn ta mọ́tò àlòkù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin, Mà? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀? Mo rò pé àwọn tó ń ta mọ́tò máa ń pariwo ni." Mo kàn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èsì tó yẹ kí n fún un ni mo wá ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ kà á.

Nígbà tí èmi náà jáde girama, kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Oyèdìran, alágbàtà mọ́tò, tí ibùdó rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn igi kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó mọ̀wé kọ dáadáa ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí níbẹ̀ ni ọyẹ́. Láàárọ̀, bí mo bá dé, ìkùukùu á ti bo gbogbo ibùdó náà. Èèyàn kò ní rí mọ́tò kankan, àfi bí ó bá rìn títí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan irin tútù. Lẹ́yìn náà oòrùn á yọ díẹ̀díẹ̀, wọn á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan pupa, ọ̀kan bí eérú, ọ̀kan tí ojú iná rẹ̀ kan ti fọ́, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì mọ ilé tí òun wà. Mo máa ń dúró wò wọ́n kí n tó gbé omi. Gbogbo wọn ló ti gbé ilé ẹlòmíràn rí. Nínú òmíràn, òórùn ìpara obìnrin ṣì wà. Nínú òmíràn, iyanrìn odò ló wà lábẹ́ àga.

Ọ̀gá mi jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù rẹ̀ ju bàbá mi lọ. Iṣẹ́ ìwé ni wọ́n gbà mí fún, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Mọ́tò ni mo ń fọ̀. Lẹ́yìn fífọ̀, ó kọ́ mi bí a ti ń ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin mọ́tò láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí a ń pè ní nọ́ńbà ṣáásì. Bí ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà bá ti bo nọ́ńbà yẹn, ojú kì í ríran kà á dáadáa. Nítorí náà ó ní kí n máa di ojú, kí n fi ìka kà á.

Á dúró lẹ́yìn mi. Á ní, "Kí lo kà?"

Màá sọ ọ́.

Á ní, "Tún un kà. Ìka rẹ ń sáré."

Màá tún un kà títí gbogbo ayé yóò fi lọ kúrò lára mi tí yóò ku irin yẹn nìkan, pẹ̀lú kòtò kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan tó wá wo mọ́tò lọ́jọ́ kan dúró, ó wò wá títí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin àti ọmọ yín yìí, ṣé mọ́tò lẹ ń tà ni àbí ẹ ń tọ́jú aláìsàn?" Ọ̀gá dá a lóhùn pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ó ní ìdí tí ó fi le bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí a ń rí lágbègbè wa, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé. Èèyàn ra mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò yí orúkọ padà nínú ìwé, ó ní òun á ṣe é bí ó bá yá. Ó gbé ìwé náà fún ẹnì kan pé kó bá òun sọ ọ́ di ọ̀tun, ẹni náà kó lọ sí ìlú mìíràn. Ìjì ká òrùlé, ìwé bá a lọ. Bàbá kú, àwọn ọmọ tú gbogbo àpótí, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n olè pẹ̀lú máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ tó ń sunkún pé iná jó ìwé òun, báwo ni wàá ṣe mọ̀ bóyá òun ló ni mọ́tò?

Òfin ní ohun tó sọ: lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, lọ búra ní kóòtù, lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé mọ́tò. A máa ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ó tó gba mọ́tò tí kò níwèé, á na kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó gbé e wá, á ní, "Ẹ bá mi ṣí i, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á wá máa wo ọwọ́ ẹni náà. Ẹni tó ti gbé pẹ̀lú mọ́tò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó fà á, bí ilẹ̀kùn náà bá ti wọ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ ti wínńdò tó máa ń há. Kò ní ronú sí i rárá. Olè kò mọ ìyẹn. Mo ti rí èèyàn tó wọ aṣọ olówó iyebíye tó ń fa ilẹ̀kùn títí òógùn fi bò ó. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní ó dàbọ̀.

Ọgbọ́n yìí náà ló kó wa sí ìjàǹgbọ̀n.

Ọkùnrin kan gbé mọ́tò aláwọ̀ eérú wá. Ó ní ìwé rẹ̀ jóná mọ́ ilé. Ó ti gba ìwé ọlọ́pàá, ó ti búra ní kóòtù. Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ sí i. Bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe lọ lára mọ́tò yẹn, ó dà bí ìyá tó ń wẹ ọmọ. Ó gbé ilẹ̀kùn, ó fi ìka méjì lu iwájú mọ́tò kí iná tó tàn, ó ti gíá sápá òsì kó tó tì í síwájú. Ọ̀gá wò mí, ó mi orí pé òun ló ni ín. A ta mọ́tò náà fún oníṣòwò kan ní Ọ̀yọ́.

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi dé. Dírẹ́bà ni ọkùnrin yẹn. Ẹni tó ni mọ́tò wà lókè òkun, ó fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀. Ta ló wá máa mọ mọ́tò tó dírẹ́bà? Ẹni tó ni ín gan-an, bí a bá na kọ́kọ́rọ́ sí i, kò lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n ti ọ̀gá mi mọ́lé. Lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, ó fi san padà fún ẹni tó ra mọ́tò. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí oníbàárà lábẹ́ igi kajú. Kajú pọ́n, ó ń jábọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a kò ṣa á. Ọ̀gá á jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á máa wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan ó dédé sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ dírẹ́bà yẹn ni mo bi léèrè. N kò bi àwọn èèyàn."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ wa ti yí padà. Mọ́tò tí kò bá níwèé, a gbọ́dọ̀ bá a rìn padà. Ọwọ́ ta lo ti rà á? Mú wa lọ síbẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ọwọ́ ta lo ti rà á? A óò gbé mọ́tò náà fúnra rẹ̀ lọ, kí ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n lè rí i, títí a óò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Mo kọ́ mọ́tò wíwà nítorí ìyẹn. Mo ti wa mọ́tò padà sí Imini, sí Akínmọ̀ọ́rìn, sí abúlé tí kò ní orúkọ lójú ọ̀nà. Ìrìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ó máa ń dà bí ẹni pé mọ́tò ń dọmọdé lábẹ́ mi. Ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn á sọ nípa ẹ̀fọ́ àti pákó ìrókò tó fi kó, ẹni ìṣáájú á sọ nípa ìyàwó tó fi gbé wálé, bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn á ní ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga rẹ̀ ni òun kò jẹ́ kí wọ́n ya.

Irinṣẹ́ wa yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la máa ń tẹ́ sórí nọ́ńbà ṣáásì, a ó fi pẹ́ńsùlù ra á títí nọ́ńbà á fi hàn. Ìwé ìbúra, akọ̀wé kóòtù ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ aláriwo. Nígbà tó yá, fóònù dé, a ń ya nọ́ńbà ní fọ́tò. Kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì, wọn á tẹ̀ ẹ́, orúkọ á jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ń jáde níbẹ̀. Àwọn tó rà á lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wọ́n.

Ọ̀gá darúgbó, ó fa ibùdó lé mi lọ́wọ́, ó sì sùn nínú Olúwa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìyá Tọ́pẹ́ wá láti Akínmọ̀ọ́rìn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ gbọ́ dáadáa.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi mọ́tò gbọọrọ kan sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé kókò, ó ti gbó ṣùgbọ́n ó ń rìn. Tọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti gba ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò wọlé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí kò bá sì wọlé nígbà náà, wọn á fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mọ́tò yẹn nìkan ló lè tà. Mo bá a rí ẹni tó fẹ́ rà á, ará Ọ̀yọ́, ó ní òun lè dúró fún ìwé títí ọ̀sẹ̀ tí a wà nígbà náà á fi parí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kò sí. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e fún ẹnì kan pé kó bá òun sọ ọ́ di ọ̀tun, kò rí ẹni náà mọ́ títí ó fi kú.

Orúkọ tó jáde ní ọ́fíìsì kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Orúkọ tíṣà kan ní Ìlọra ni. Wọ́n ní kí ó wá fúnra rẹ̀ wá sọ pé òun tà á. Bí kò bá lè wá, kí ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá búra ní kóòtù.

A gbé mọ́tò, èmi níwájú, Ìyá Tọ́pẹ́ lẹ́yìn. Imini la kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ Alhájì Làmídì, oníṣu, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ra mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Alhájì ṣe rí mọ́tò, ó bọ́ fìlà. Ó yí i ká, ó ń fọwọ́ gbá a bí ẹni gbá màlúù. Ó ní inú rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ òun kan sí, lójú ọ̀nà oko, láàárín iṣu. Ó ní òun á búra lọ́jọ́kọ́jọ́ pé òun rà á lọ́wọ́ tíṣà, ìyàwó tíṣà sì wà níbẹ̀. Ó wá bi Ìyá Tọ́pẹ́ pé ṣé ó ṣì máa ń wúkọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gun òkè. Ìyá Tọ́pẹ́ ní ó ń wúkọ́. Alhájì ní, "Ó dára. Òun náà nìyẹn."

Ọ̀sán ni a wọ Ìlọra. Oòrùn mú, eruku wà lójú afẹ́fẹ́, gbogbo nǹkan dà bí ohun tí a ń wò láti abẹ́ omi. Bàbá kan jókòó síwájú ilé lórí àga onígi. Ó rí mọ́tò, ó dìde. Ó ti wọ bàtà rẹ̀ kí n tó pa iná mọ́tò.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó mà pẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì o."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní mọ́tò tí wọ́n tà fún Alhájì Làmídì nìyí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni rẹ́rìn-ín sí ọmọ kíláàsì tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní òun kò ta mọ́tò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó.

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá, ó nu ọwọ́ sára ìró. Ó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iyè bàbá ti ń lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí bàbá á pe òun ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Mo ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá, mo ní òun náà lè búra, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á.

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo bu omi fún Alhájì mu. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró níwájú kóòtù, ọmọ mi, kí n sọ pé ọkọ mi ta ohun tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tà. Látìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ṣé nígbà tí kò lágbára mọ́ ni màá wá bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Tọ́pẹ́ kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sórí itan.  Mo mọ̀ pé òótọ́ wà lọ́dọ̀ wa, mo sì mọ̀ pé obìnrin yìí kò ṣe ohun tó burú.

Bàbá nawọ́ fọn fèrè mọ́tò. Ó ní, "Ṣé a ò ní lọ ni? Aago ilé ìwé á lù."

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jọ̀wọ́ gbé e yí ìlú ká díẹ̀, ó lè balẹ̀ lẹ́yìn náà. Ni mo bá wọ mọ́tò, Ìyá Tọ́pẹ́ náà wọ ẹ̀yìn.

N kò lè sọ bí ìrìn yẹn ti rí tán. Mò ń wa mọ́tò nínú Ìlọra tí mo mọ̀, bàbá wà nínú Ìlọra mìíràn. Ó ní kí n rọra níbi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá. Kò sí ọmọ kankan, àfi ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Ó fi ilé kan hàn mí tí òdòdó wà lójú rẹ̀. Igbó ni mo rí. Ó ń na ọwọ́ jáde, ó ń kí àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀, á wá dákẹ́, á máa retí èsì. Ojú rẹ̀ á máa rẹ̀wẹ̀sì bí kò bá gbọ́ nǹkan.

Ìyá Tọ́pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ ṣé o, Tíṣà." "A dúpẹ́ o, Tíṣà, ilé ńkọ́?" Ó ń yí ohùn padà, ó ń ṣe bí àgbà, ó ń ṣe bí ọmọ. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí sí gbogbo wọn. A lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi kọjá ọjà.

Lẹ́yìn náà bàbá yíjú padà. Ó ní, "Ta ló wà lẹ́yìn?"

"Èmi ni, sà. Ìyá Tọ́pẹ́."

"Tọ́pẹ́ dà? Kí ló dé tí n kò rí i?"

 Ìyá Tọ́pẹ́ ní, "Ilé ló wà, sà. Ó gba ààyè níléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. A ò rí ohun tí yóò fi wọlé ni."

"Ṣé ẹ ò ní ohun tí ẹ lè tà ni?"

Mo rí ojú Ìyá Tọ́pẹ́ nínú dígí. Ó lè parọ́ nígbà náà. Ó ní, "Kò sí, sà. Àfi mọ́tò tí a jókòó sí yìí."

Bàbá fi ọwọ́ pa iwájú mọ́tò náà lọ, ó pa á bọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ni ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ bá mi tà á. N kò lè máa gun mọ́tò kí ọmọ kíláàsì mi jókòó sílé."

Mo yí mọ́tò padà. Mo fẹ́ sáré, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa kúrò lórí rẹ̀ kí a tó délé, ṣùgbọ́n ọ̀nà kún fún kòtò, mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá gbò ó jìgìjìgì, nǹkan lè dànù. Mo rọra wà á bí ẹni gbé omi sórí.  Bàbá ń wo ìta.

Nígbà tí a dé, ìyàwó rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Mọ́tò ńkọ́?"

Bàbá wò ó pẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí rẹ̀. Ó wá ní, "Mo ti tà á."

"Ta lẹ tà á fún?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. "Fún ìyá ọmọ kíláàsì mi yìí."

 Màmá wọlé, ó pààrọ̀ ìró, ó wé gèlè, ó jáde pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ó ní, "Ó yá, kóòtù náà dà?"

Òun àti Alhájì búra. Ìwé jáde kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Tọ́pẹ́ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí ní Ìbàdàn.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀ sí i kí ojú mi tó sọ pé ó tó. Bí ọmọ kan bá bi mí bóyá kí òun kọ́ ọ, màá ní kó kọ́ ọ bí ó bá lè dákẹ́ tí ó sì lè rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ gbé mọ́tò Ìyá Tọ́pẹ́ lọ fún ẹni tó rà á, mo yà ní Ìlọra kí bàbá lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dìde lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ bóyá ó dá mi mọ̀. Mo kí i, mo ti ń yíjú padà lọ, nígbà tó pè mí.

Ó ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó rà á pé kó máa rọra ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn o. Àwọn ọmọ máa ń sùn níbẹ̀."